Níbo Lẹ Ti Gbé Fóònù Sílẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹjọ, 2025

Mo tún gbé *Ilé Kọ́nà*, ìwé ìtàn tí mo kọ, jáde láti inú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ó ti tó ọdún kan tí àwọn atẹ̀wé ní Ìbàdàn ti dá a padà pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo: iṣẹ́ yín dára, sà, ṣùgbọ́n kò tíì bá ohun tí a ń wá mu. Mo ka gbólóhùn náà títí, n kò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Bí mo bá béèrè ọ̀nà Kuje lọ́wọ́ ènìyàn, tó sì dá mi lóhùn pé ọ̀nà náà dára, báwo ni mo ṣe fẹ́ débẹ̀?

Wọ́n tún ti ṣílẹ̀kùn ìwé gbígbà fún tọdún yìí. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni wọn yóò tì í. Mo ti sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan yìí ló kù. Bí wọ́n bá tún dá a padà, kí ìtàn ọkọ àti ìyàwó tó kó wọ Festac nígbà tí ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn máa sùn lọ sínú dúrọ́ọ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún kì í kan ilẹ̀kùn kan náà ní ìgbà mẹ́ta. Ìyẹn ò ní kó má dùn mí o. Àwọn tó mọ bí ilé yìí ṣe rí nígbà náà kò pọ̀ mọ́, àwọn tó mọ obìnrin tó wà níbẹ̀ tún kéré sí i.

Ohun tí mo ń wá báyìí ni ẹni tí yóò sọ ibi tí kò dára fún mi. Nígbà tí Adébùnmí, ìyàwó mi, wà láyé, n kò wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bó jẹ́ lẹ́tà ọ́fíìsì lásán ni mo kọ, á gbà á kà, á ní, "Clement, ó ti gùn jù." Ọdún kẹta rèé tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ pé nǹkan mi gùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Ooru mú. Àwa ará Close, òpópónà kékeré tí ilé wa wà, ní ẹgbẹ́ kan lórí Wọ́ọ̀sáàpù tí a fi ń sọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ àti pàǹtí. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé e sí. Mo yan ibi tí onílé wọn àtijọ́ ní Mushin ti ń ṣépè fún Jùwọ́n, ọkọ inú ìtàn, bó ṣe ń kó ẹrù rẹ̀ jáde. Mo béèrè pé kí ni wọ́n rí sí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Èsì ti dé. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọgbọ́n yín kò ní dópin, sà. Àwòrán ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀ bí ti ẹni tó ń gbàdúrà, lọ rẹpẹtẹ. Ilé máa wó lù ọ́ mọ́lẹ̀ ni èpè tí mo fi sẹ́nu onílé. Ẹnì kan kọ "Àmín lórúkọ Jésù" sábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn béèrè ìgbà tí ọkọ̀ pàǹtí ń bọ̀.

Ìgbẹ́kẹ̀lé, tí a jọ ṣiṣẹ́ ní mínísírì tí a sì jọ fẹ̀yìntì, wá jókòó sí bálíkónì mi nírọ̀lẹ́. Ó ní ìtàn náà dùn bí oyin. Mo bi í pé ibo ló dùn jù. Ó ní gbogbo ẹ̀ ni. Mo bi í pé kí ni onílé sọ fún Jùwọ́n. Ó ní ọ̀fun ń gbẹ òun, ṣé omi tútù wà. Ọ̀rẹ́ mi ni, n kò bá a jà. Mo bu omi fún un.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Lẹ́yìn ìsìn, mo fi orí kejì ránṣẹ́ sí Wọ́ọ̀sáàpù ìjọ. Àwọn olùkọ́ pọ̀ níbẹ̀, wọ́n mọ̀wé. N kò fi àlàyé kankan síwájú rẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé ìyìn ni mò ń tọrọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Mo wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, mò ń fọ ike omi, nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Dìkónẹ́ẹ̀sì Akínfẹ́nwá ni, olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètọ́jú àwọn aláìní nínú ìjọ wa, òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta. Wọ́n gbé kúlà ìrẹsì, páálí mọ́ọ̀tì kan àti ìgò òróró dání. Ojú gbogbo wọn kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Dìkónẹ́ẹ̀sì di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń dá a mọ́ra? Ọjọ́ kẹrin láìjẹun. Àwa ńkọ́?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Báyìí ni orí kejì ṣe bẹ̀rẹ̀: *Ọjọ́ kẹrin rèé tí oúnjẹ gidi ti kan ẹnu mi gbẹ̀yìn. Ìyàwó mi ti lọ, ilé sì dákẹ́.* Jùwọ́n ló ń sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀, Àyìnkẹ́, lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Iléṣà, ọkọ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù. Ìsàlẹ̀ ojú-ewé kan náà ni mo ti sọ ọ́, ó tilẹ̀ yẹ kó pani lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Wọ́ọ̀sáàpù kì í gbé gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn jáde. Ó ní ibi tí ènìyàn máa tẹ̀ kó tó rí ìyókù, kò sì sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Mo ní ìtàn ni. Dìkónẹ́ẹ̀sì ní ó yé àwọn, sà, pẹ̀lú ohùn tí a fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi òróró sí mi níwájú orí, wọ́n dúró títí mo fi jẹ abọ́ kan tán. Ata rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn.

Mo wá jókòó, mo rò ó. Wọ́n gba Jùwọ́n gbọ́ débi pé wọ́n se oúnjẹ fún un. Wọn kò sì kà á kọjá ìlà karùn-ún. Èsì àkọ́kọ́ tó wúlò fún mi rèé, inú kúlà ni wọ́n sì gbé e sí wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ti bọ́ sórí Fesibúùkù. Ìgbẹ́kẹ̀lé ní àwòrán mi ló ń fa gbogbo àdúrà yẹn: ta ni yóò rí irun funfun àti agbádá, tí yóò ní iṣẹ́ onítọ̀hún kò dùn? Mo yọ ọ́, mo fi àwòrán ilẹ̀kùn kíṣínì wa dípò rẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí ẹnì kan tún pè mí ní sà. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kí gbogbo ilé kẹ́ ẹ tó gbé ìtàn sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo rí ẹgbẹ́ kan tí àwọn tó ń kọ ìtàn Yorùbá dá sílẹ̀ lórí Fesibúùkù. Òfin wọn ni pé kí o tó gbé tìrẹ kalẹ̀, o gbọ́dọ̀ ka ti ẹni méjì, kí o sì sọ̀rọ̀ lé e. Ó rọrùn. Mo yan ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ̀nsúrát, nọ́ọ̀sì ni ní Ìlọrin. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó dára púpọ̀, ọmọ mi, Olúwa yóò gbé ọ lékè.

Ó dá mi lóhùn kíákíá. "Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Níbo ló ti dára?"

Mo ti sáré wo òkè àti ìsàlẹ̀ ni, bí Ìgbẹ́kẹ̀lé. Ọ̀fun ń gbẹ èmi náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ka ìtàn Mọ̀nsúrát tinútinú, ìgbà méjì. Gíláàsì ojú ìyá àgbà inú rẹ̀ fọ́ sínú bọ́ọ̀sì níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n níparí, ó ń ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ geerege. Mo sọ ọ́. Mo sì sọ fún un pé ibi tí ìyá àgbà ti ń ṣa ẹ̀fọ́ ló mú mi dúró, nítorí ó ń ṣa á bí ẹni tí inú ń bí.

Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbàdúrà fún òun lórí ìtàn yẹn, èmi nìkan ni mo rí gíláàsì. Inú mi dùn, mo fi mọ́ọ̀tì ìjọ ṣàjọyọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Kò síná láti àná. Epo jẹnẹrétọ̀ tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo rò pé mo ti rí ibi tí àṣìṣe wà. Ìbéèrè mi ni. Bí àgbàlagbà bá bi ọmọ ẹni ẹlẹ́ni pé kí lo rí sí iṣẹ́ mi, ó ti fi ẹ̀kọ́ ilé ọmọ náà sínú wàhálà. Kí ni kó sọ? Pé kò dára? Ta ló bí i? Àdúrà nìkan ló kù tó lè ṣe.

Nítorí náà, mo gbé orí kejì sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, mo sì bi wọ́n ní ohun kan péré: níbo lẹ ti gbé fóònù sílẹ̀? Kò sí àrífín níbẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń ròyìn, kì í ṣe iṣẹ́ tèmi.

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tí a tú sílẹ̀. Ẹnì kan gbé e sílẹ̀ níbi tí mo ti ń ka orúkọ gbogbo ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì Jùwọ́n. Òmíràn gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ náà. Ẹnì kẹta ní òun kò gbé tòun sílẹ̀, oorun ló gbé e sílẹ̀ fún òun, nígbà tí mo dé orí ọ̀gá kẹfà. Mo rẹ́rìn-ín títí Ìgbẹ́kẹ̀lé fi pè láti bálíkónì tirẹ̀ pé kí ló dé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án

Mo ti lé gbogbo àwọn ọ̀gá náà kúrò. Ó kù ẹyọ kan, èyí tó máa ń jẹ ẹ̀pà nínú ìpàdé. Òjò bẹ̀rẹ̀ gidi, omi kánáàlì ti ń wá sókè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ti gbé orí márùn-ún jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìbéèrè kan náà lábẹ́ gbogbo wọn. Lónìí, Mọ̀nsúrát kọ èsì. N ó dà á kọ síbí bó ṣe wà.

"Sà, mo gbé fóònù sílẹ̀ níbi tí Àyìnkẹ́ tún ti rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Kò sọ ju 'ẹ kú iṣẹ́, olówó orí mi' lọ. Mo mọ Jùwọ́n, mo mọ ọ̀gá ẹlẹ́pà, mi ò mọ obìnrin yìí. Ó dà bí ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n máa ń kà níbi ìsìnkú. Ẹ má bínú o, sà. Ṣé ó ti kú ni?"

Mo pa fóònù. Inú bí mi gidigidi. Ọmọ tí kò mọ Festac, tí kò mọ ilé mi, ló ń béèrè irú èyí lójú gbogbo ayé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

N kò ṣí Fesibúùkù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Bukky, ọmọ mi, wá láti Alákijà pẹ̀lú ẹja àrọ̀. Ó ní omi ti gba ọ̀nà àdúgbò àwọn, òun bọ́ bàtà rìn dé bọ́sítọ́ọ̀pù ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi *Ilé Kọ́nà* ránṣẹ́ sí i, ohun tó máa ń sọ ni pé ó náìsì, Dádì. Bó ṣe ń fọ ẹja lọ́wọ́, mo bi í ní ìbéèrè tí mò ń bi àwọn àjèjì: ibo ló ti gbé fóònù sílẹ̀?

Ó da omi àkọ́kọ́ nù.

"Níbi tí mọ́mì ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́."

"Àyìnkẹ́ ni," mo ní.

"Dádì, mọ́mì ò rẹ́rìn-ín músẹ́ rí. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, àwọn ará D Close máa gbọ́ ni. Èmi náà ń wá wọn nínú ìwé yẹn, mi ò rí wọn, ni mo bá dúró."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, ẹ̀yin lẹ ni ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú.

Òótọ́ ni. Èmi àti òun la jọ jókòó kọ ọ́: obìnrin oníwà tútù, aláìlẹ́nu-lọ́rọ̀, olùfẹ́ àlàáfíà. Ta ló ń kọ nǹkan mìíràn? Lọ́jọ́ tí a bá ń sin òkú, kò sí òkú tí kì í ṣe oníwà tútù. Oníwà ibi, oníjà, abanijẹ́, gbogbo wọn ló tutù lórí bébà yẹn. Mo sì wá gbé gbólóhùn náà gan-an sínú ìtàn láìfura, mo ní ìyàwó Jùwọ́n rèé.

Bukky ní, "Ilẹ̀kùn kíṣínì ńkọ́?"

Ló bá di ẹ̀rín. Ọdún kejì tí a kó wọ ibí, Adébùnmí fẹ́ kun ilẹ̀kùn kíṣínì ní yẹ́lò. Mo ní ilé ìjọba ni, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń bójú tó ilé, ojú-ewé mẹ́rin, mo tọ́ka sí ìwé òfin. Ó kà á, ó ní ó ti gùn jù. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ọ̀dà yẹ́lò wà lórí ilẹ̀kùn, ó wà ní imú rẹ̀, ó wà lára Bukky tí kò tíì ju ọmọ ìrákòrò lọ. Mo pariwo. Ó pariwo ju mí lọ. Ó ní, "Clement, ìwọ máa kọ lẹ́tà lọ. Èmi ń kun ilẹ̀kùn." Clement gàdàgbà, níwájú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá kí wa. Àwọn ẹbí mi kò fẹ́ràn bó ṣe máa ń pè mí lórúkọ, a kò sì kọ ìyẹn sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ìjọba kò dá lẹ́tà náà lóhùn títí di òní.

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Àárò rẹ̀ sọ mí ju bó ṣe sọ mí lọ́jọ́ tí a sin ín lọ. Bukky nu ọwọ́ rẹ̀, ó fi ẹja sílẹ̀, ó wá jókòó tì mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òjò láti òwúrọ̀. Mo ti pa gbogbo ẹ̀rín músẹ́ rẹ́. Mo jẹ́ kí Àyìnkẹ́ pe Jùwọ́n lórúkọ láti ojú-ewé kìíní. Ó bá onílé Mushin jà dípò ọkọ rẹ̀, ó dá èpè náà padà fún un pẹ̀lú èlé. N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wá sí mi lọ́wọ́, àfi kí n máa kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo kọ̀wé sí Mọ̀nsúrát. Mo ní ó ti kú, ọdún kẹta rèé, ibi tó gbé fóònù sílẹ̀ sì tọ́. Ó bẹ̀bẹ̀, ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó wá ní ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má torí pé mo bẹ̀bẹ̀ dá obìnrin yẹn lẹ́nu dúró mọ́.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ka orí tó kẹ́yìn, níbi tí mo fi ìjà ilẹ̀kùn yẹ́lò sí. Ó ní kò yẹ kí ìyàwó máa bá ọkọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òun bínú débi pé òun kò lè dáwọ́ kíkà dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ìdí rẹ̀ kò yé e.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Omi wọ ọgbà títí dé àtẹ̀gùn kejì. Mo gbé orí tó kẹ́yìn jáde sínú ẹgbẹ́, pẹ̀lú ìbéèrè mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àwọn kan gbé fóònù sílẹ̀ níbi lẹ́tà tí Jùwọ́n kọ sí ìjọba, mo sì ti gé e sí ìlà mẹ́ta. Èyí tó kẹ́yìn ni ti Mọ̀nsúrát:

"Mi ò gbé e sílẹ̀, sà. Irú obìnrin yìí ló yẹ kẹ́ ẹ máa fún ní iṣẹ́ yín kà. Kò ní gbè yín."

Mo kọ ọ́ padà pé obìnrin náà, ìyàwó mi, ló ń kà á tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kẹsàn-án

Òjò dá. Iná wà láti ìdájí, mo lo àǹfààní rẹ̀. Bukky pè, ó ní Dìkónẹ́ẹ̀sì Akínfẹ́nwá béèrè ní ọjà Àgbójú bóyá mo ti ń jẹun dáadáa.

N kò mọ ohun tí àwọn ará Ìbàdàn yóò sọ. Mo gbé àga sí ẹnu kíṣínì, mo kọjú sí ilẹ̀kùn yẹ́lò, mo ka gbogbo orí tó kẹ́yìn sókè kí n tó fi í ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìjà, lẹ́yìn tí ọ̀dà gbẹ, mo ti kọ ojú-ewé méjì tí Jùwọ́n fi ń ṣàlàyé bó ṣe fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tó. Ojú-ewé náà dùn mọ́ mi, mo ti tún un kọ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo kà á dé ìdajì, mo wo ilẹ̀kùn.

Mo yọ méjèèjì kúrò, mo sì fi ìwé ránṣẹ́. Ó ti gùn jù.